Ìjọ Kristi àti Ọ̀rọ̀ Ìlú: Ojúṣe Wa Nílẹ̀ Onílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Adabraka, Accra)

   Àwọn tí wọ́n wà pẹ̀lú wa ní èṣí tí wọn kò sí mọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì dúró ti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a sọ lọ́dún yìí ni ipa tí ìjọ Kristi ní láti kó nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹlòmíràn lè bi wá pé, kí ni ó kan àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìlú? Àwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kì í dìbò ní Ghana, a kì í sì í du ipò. Òfin ìpìlẹ̀ Ghana ti ọdún 1992, ní abala 55, tilẹ̀ sọ pé ọmọ Ghana nìkan ni ó lè dá owó fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí a máa kọrin wa, kí a máa gbàdúrà wa, kí a fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ìlú?

Èsì wa ni pé rárá. Ọ̀rọ̀ ìlú ju ìbò lọ. Ọjà tí a ń ná, ilé tí a háyà, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lọ, ìlù tí à ń lù lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ tí a fi ń mú ọmọ onílé tí ó ń bá wa tajà, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Òun ni pé ìjọ tí ó bá fẹ́ kí ìlú gbọ́ ohùn òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ibi tí àlejò àti onílé ti ń jókòó pọ̀. Ìjọ tí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yà kan nìkan, ọjọ́ tí wàhálà bá dé, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀, kò sì ní ní ẹni tí yóò bá a sọ ọ́.

A mọ̀ pé kì í ṣe Kristẹni nìkan ni ó wà níjókòó yìí. Nínú ẹgbẹ́ wa, Mùsùlùmí àti Kristẹni ni a jọ ń dá owó, tí a jọ ń sin òkú, tí a jọ ń sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá pe ìjọ, kí ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí fi mọ́sálásí sí i. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú.

GBÈSÈ TÍ A JẸ ARA WA

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti wá bá Yorùbá tààrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Cape Coast, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, ni ó ti wá. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ tí ó sì kó wọn lọ sí Sàró, bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé ní nǹkan bí ọdún 1839. Wọ́n ti di onígbàgbọ́ ní Sàró, wọ́n sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún àwọn ní olùkọ́. Thomas Birch Freeman, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, ni ó ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ní Cape Coast nígbà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, òun àti William de Graft, ọmọ Fante, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Badagry. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Freeman dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí Freeman padà sí Cape Coast, de Graft dúró ní Badagry, ó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó kọ́kọ́ ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa nítorí ìhìn rere, àwa ni onílé.

Nígbà tí ó yá, àwa náà san díẹ̀ nínú gbèsè yìí. Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó Amẹ́ríkà, ni ó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850. Ògbómọ̀ṣọ́ di ibùdó ńlá fún ìjọ náà. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú mìíràn sì ni wọ́n di oníṣòwò káàkiri ilẹ̀ Ghana, dé ìlú kéékèèké àti abúlé. Ẹrù ọjà ni ó wà lórí wọn, ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá wà nínú ẹrù náà. Ní nǹkan bí ọdún 1918, wọ́n ti ń péjọ fún ìsìn ní apá àríwá Ghana. Kò sí míṣọ́nnárì kan tí ó kó wọn jọ, oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n kàn mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi kò yẹ kí ó kọjá láìjọ́sìn. Ní ọdún 1935 àwọn ìjọ wọ̀nyí kó ara wọn jọ di àpapọ̀ kan tí ó wà lábẹ́ ti Nàìjíríà. Ní ọdún 1947 ni àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà wá dúró sí Kumasi láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn tí Ghana ti gba òmìnira, àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi Ghana dá dúró fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ Ghana kan bá bi yín pé kí ni Yorùbá mú wá sí ìlú yìí yàtọ̀ sí kárà-kátà, ẹ ní èsì. Bí ọmọ Yorùbá kan bá sì ń fọ́nnu pé àwa ni a kọ́ wọn ní ìgbàgbọ́, ẹ rán an létí William de Graft.

OHUN TÍ ỌDÚN 1969 KỌ́ WA

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia kéde pé gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kúrò ní Ghana. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ó kan àwọn tí wọ́n ti gbé ibí fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, ó sì kan àwọn tí a bí síbí tí wọn kò mọ ọ̀nà ilé bàbá wọn. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn èèyàn wa ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sì di òfò. Àwọn tí ó lọ ju 100,000 èèyàn lọ. Nínú ìdílé púpọ̀ tí ó wà níjókòó yìí, ìtàn ọdún náà kò tíì tán nílẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìjọ? Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí a sọ ìtàn wọn lẹ́ẹ̀kan náà fọ́n ká. Níbi tí ó ti jẹ́ Yorùbá nìkan ni ó wà níbẹ̀, tí ìwàásù, orin àti ìpàdé jẹ́ Yorùbá látòkèdélẹ̀, ọjọ́ tí Yorùbá lọ ni ilẹ̀kùn tì. Níbi tí àwọn ọmọ onílé ti wà nínú ìjọ, iná kò kú. Àwọn ọmọ Ghana ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe, tí wọ́n sì mú un gbòòrò dé ibi tí àwọn bàbá wa kò dé. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyẹn: ohun tí a bá fi pamọ́ fún ara wa nìkan, òun ni a máa ń pàdánù, ohun tí a bá pín, òun ni ó máa ń kù.

Ẹ̀kọ́ kejì le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́. Dókítà Busia kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Wesley College ní Kumasi, ó sì kọ ìwé nípa ìjọ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dí àṣẹ náà lọ́wọ́. Kí a má sì nàka sí Ghana nìkan, nítorí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ní Nàìjíríà, tí òun jẹ́ Mùsùlùmí, lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, wọ́n sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ọmọ Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n kó ẹrù wọn sí ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, à ń fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹkún ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀sìn tí ó lè fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí ẹni tiwa wà lórí àga kò tó. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ni ó máa ń rò pé bí a bá ti rí Kristẹni gbé sórí oyè, iṣẹ́ ìjọ nínú ọ̀rọ̀ ìlú ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé Léfítíkù orí 19 pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n mú àlejò bí ọmọ ìlú, nítorí àwọn náà ti jẹ́ àlejò rí ní Íjíbítì. Ìjọ tí kò bá lè rán aláṣẹ létí irú ọ̀rọ̀ yìí, bí aláṣẹ náà tilẹ̀ ń jókòó ní iwájú pẹpẹ, kò tíì kó ipa kankan.

BÍ ÌJỌ ṢE SỌ̀RỌ̀ NÍ GHANA

A dúpẹ́ pé ìjọ ti sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Láti ọdún 1929 ni àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti ní àjọ kan tí ó pa wọ́n pọ̀, Christian Council. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà náà ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Ní ọdún 1989, ìjọba ológun ti Jerry Rawlings ṣe òfin kan, PNDC Law 221, tí ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀sìn lọ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè máa ṣiṣẹ́. Àwọn àjọ méjèèjì kọ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sin Ọlọ́run kì í ṣe ẹ̀bùn tí ìjọba ń fúnni, tí ó sì lè gbà padà. Wọn kò gbé idà, wọn kò ṣépè. Wọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n sì dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1992 dé, ó fi òmìnira ẹ̀sìn múlẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ní ọdún 2011, Ghana fi òfin dá Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọ Àgùdà, Pùròtẹ́sítáǹtì àti Pẹ́ńtíkọ́sì wà nínú rẹ̀, àwọn aṣojú ẹ̀ka Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ náà sì ní aṣojú. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kejìlá ọdún 2012, ẹjọ́ wà ní ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Fún oṣù mẹ́jọ, ìlú ń dúró, ọkàn ń gbóná. Àwọn olórí ẹ̀sìn kò sinmi, wọ́n ń bẹ tọ̀túntòsì pé kí wọ́n gba ìdájọ́. Nígbà tí ìdájọ́ dé, ẹni tí ó pàdánù gbà á, ìlú sì wà ní àlàáfíà. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù nílùú mọ iye tí ìyẹn tó.

Ní ọdún 2020, Ẹni Ọ̀wọ̀ Ernest Adu-Gyamfi di alága ìgbìmọ̀ náà. Òun ni ó ti ṣe olórí àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi Ghana rí, ìjọ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá gbin èso rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì inú ẹrù. Bí àwọn bàbá wa bá ti di ìjọ náà mú mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ibo ni èyí ìbá ti wá?

Ẹ tún rántí oṣù Kẹrin ọdún 2019, nígbà tí Sheikh Osman Nuhu Sharubutu, Olórí Ìmáàmù gbogbo Ghana, ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó lọ bá àwọn Àgùdà jókòó nínú ìsìn Àjíǹde ní ìjọ Christ the King ní Accra. Àwọn kan bínú, ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀. Bàbá náà kò yí ẹ̀sìn padà, ìjọ náà kò sì yí tiwọn padà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí ìlú rí wọn pọ̀.

ÀDÚGBÒ WA YÌÍ

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní Accra ní ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó ṣí Adabraka fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní ibi tí àrùn náà wà. Àwọn àgbà sọ pé láti inú albarka ti àwọn Hausa ni orúkọ rẹ̀ ti wá, òun náà ni àwa ń pè ní àlùbáríkà. Ẹ rí i pé ibi ààbò ni àdúgbò yìí láti ìpìlẹ̀. Lónìí, Kàtídírà Ẹ̀mí Mímọ́ ti ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀, ìjọ lóríṣiríṣi wà níbẹ̀, mọ́sálásí wà níbẹ̀. Kò sí àdúgbò tí ó yẹ kí àlejò àti onílé ti mọwọ́ ara wọn ju ibí lọ.

Ṣùgbọ́n a mọ bí nǹkan ṣe rí. Òfin 865 ti ọdún 2013 fi ọjà inú ọjà àti ìpolówó kiri sílẹ̀ fún ọmọ Ghana nìkan, ó sì ní kí àjèjì tí yóò ṣòwò ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Láàrin ọdún 2019 àti 2020, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní agbègbè Circle, tí kò jìnnà sí wa. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tò kiri ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Nàìjíríà rán aṣojú wá, ìjọba Ghana sì fi dá wọn lójú pé kò sí ẹni tí yóò lé wa. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé ìjọba pẹ̀lú ìjọba kò lè ṣe ohun tí aládùúgbò ń ṣe fún aládùúgbò. Ìyá tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ wa jọ wà ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, òun ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé, "Má bá wọn lọ, èèyàn wa ni wọ́n."

Àwọn àgbà kan lára wa ní iyèméjì nípa èyí, ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Wọ́n ní ìjọ ni ibi kan ṣoṣo tí ó kù tí àwọn ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá geere. Bí a bá fi Twi àti Ga kún un, kò ní pẹ́ tí Yorùbá yóò fi dàwátì. Òtítọ́ ni pé èdè tí a kò bá sọ ń kú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: àwọn ìyàwó Ghana tí àwọn ọmọ wa fẹ́, tí wọ́n ń jókòó lẹ́yìn tí wọn kò gbọ́ ìwàásù, ta ni wọ́n nínú ìjọ? Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà sọ pé ìjà àkọ́kọ́ nínú ìjọ kì í ṣe lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, lórí oúnjẹ àti èdè ni. Àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ní wọn kì í ka àwọn opó àwọn kún. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n panu mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje tí yóò bójú tó o, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méje náà ń jẹ́. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ tí ó ráhùn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ fi gbòòrò.

Àwọn mìíràn ní àlejò tí ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n máa ń lé. Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni máa pariwo. Wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bábílónì, ó wà ní orí 29, pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, nítorí nínú àlàáfíà ìlú náà ni tiwọn wà. Kò ní kí wọ́n gba ìtẹ́, kò sì ní kí wọ́n fara pamọ́.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a mú ohun mẹ́fà wá síwájú yín.

Èkínní, ọ̀rọ̀ èdè. Kí ìsìn Yorùbá dúró bí ó ti wà, kí kíláàsì Yorùbá fún àwọn ọmọdé sì lágbára sí i. Ṣùgbọ́n kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ lóṣù tí a óò jọ́sìn pẹ̀lú àwọn onílé, tí ògbufọ̀ yóò wà. Kí a sì yan ọmọ Ghana tí ó bá yẹ sí ipò díákónì àti akápò, kí a má fi wọ́n ṣe olùwòran.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni ìwé wọn kò pé, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ. Kí ìjọ àti ẹgbẹ́ jọ máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ní ìlàjì ọdún, tí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò ṣàlàyé ìwé àṣẹ ìgbélùú àti káàdì ìdánimọ̀ tí Ghana ń fún àjèjì, tí a ó sì bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ fọ́ọ̀mù. Ọdún 1969 kọ́ wa pé ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti wá ìwé.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ariwo. Lọ́dọọdún, kí ọdún Homowo tó dé, àwọn Ga máa ń ka ìlù àti ariwo léèwọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ní Accra. Láàrin ọdún 1998 sí 2001, ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀, wọ́n kọlu àwọn ilé ìjọsìn kan. Ìgbàgbọ́ wa kò sí nínú awọ ìlù. Bí a bá dín dùùrù àti gángan kù fún oṣù kan, tí a fi ohùn ẹnu yin Ọlọ́run, kò sí ohun tí ó bà jẹ́, onílé yóò sì mọ̀ pé a bọ̀wọ̀ fún òun. Kí a má dúró kí ọlọ́pàá tó wá sọ fún wa.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà. Ìjọ kò lè gbèjà oníṣòwò tí ó ń jẹ owó oṣù ọmọ onílé tí ó gbà síṣẹ́, tàbí tí ó ń ta ayédèrú ọjà. Kí àwọn pásítọ̀ wàásù rẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn, bí ẹni tí ó ń dá ìdámẹ́wàá tí ó tóbi jù tilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bá bá wí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ òṣèlú. Kí a gbàdúrà fún gbogbo aláṣẹ, kí a má bá ẹnikẹ́ni polongo ìbò. Kí àga ìwàásù má di àga ìpolongo, yálà fún ẹgbẹ́ òṣèlú Ghana tàbí ti ilé. Kí a má sì fi owó ìjọ tọrẹ fún olóṣèlú, òfin kò gbà á fún wa.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ opó àti aláìsàn. Bí ẹgbẹ́ bá ń ṣe ìwé orúkọ àwọn tí a óò ràn lọ́wọ́ lópin ọdún, kí orúkọ àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá wà níbẹ̀. Ní Nalerigu, ní apá àríwá Ghana, ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ṣí ní ọdún 1958 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, wọn kì í béèrè ẹ̀yà. Àwa kò ní agbára ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n a ní agbára àpò ìrẹsì kan.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Onílé nílò àlejò, àlejò nílò onílé. Ìjọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí láti ọdọ̀ àlejò ni àwa méjèèjì ti gba ìhìn rere lọ́wọ́ ara wa. Ọjọ́ tí ìjọba bá fẹ́ ṣe òfin tí yóò ni àjèjì lára, kí ó jẹ́ pé pásítọ̀ ọmọ Ga, fádà ọmọ Ewe àti ìmáàmù ọmọ Hausa ni yóò kọ́kọ́ dìde pé àwọn mọ̀ wá. Wọn kò lè mọ̀ wá bí a kò bá jẹ́ kí wọ́n wọlé. Oṣù tí ń bọ̀ ni kí a bẹ̀rẹ̀, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ wàhálà.

Kí Ọlọ́run bùkún Ghana, kí ó bùkún Nàìjíríà, kí àlùbáríkà orúkọ Adabraka ṣẹ sí wa lára, onílé àti àlejò. Ẹ̀mí wa yóò ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé.